Obì Tó Gbóná Lójú Ọ̀nà Jẹ́bà: Ìrìn Àkọ́kọ́ Àkànní sí Òkè Ọya

Àkànní kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Oríkì bàbá mi ni mo yá a, kí wọ́n má baà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Ọmọ ọdún 31 ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wa típà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, òkúta ló ń kó láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ lẹ́yìn Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nílùú wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹrù sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò kọjá Ìbàdàn rí láyé rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní tírélà. Ọdún 23 ni mo fi wà á lọ sí Òkè Ọya, ìgbà tí orúnkún ní ó tó ni mo jókòó sí Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ni mo ń bá bójú tó ọkọ̀: mo ń wo ẹrù, mo ń kọ wébíìlì, mo ń bá dírẹ́bà jà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gáréèjì báyìí, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó di ẹ̀bi ru ẹni tó ni ín.

Àpò obì gbànja 250 ni ẹrù náà. Ìyá kan tí gbogbo Lafẹ́nwá ń pè ní Ìyá Olóbì ló ni ín. Oṣù Kọkànlá ni, ìgbà tí obì pọ̀ lóko. Láti àwọn abúlé apá Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti kó o wá. Wọ́n ti là á, wọ́n ti rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bó, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ṣà á, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, wọ́n wá fi ewé tútù tẹ́ inú àpò kí wọ́n tó rọ́ ọ sí i. Àbàtà ni obì tí àwọn baba wa fi ń bọ òrìṣà. Ti gbànja, ọjà ni. Àwọn ará Òkè Ọya ló ń jẹ ẹ́, gòrò ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ láìsí i. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní 1912 ni obì ilẹ̀ wa ti ń bá ojú irin lọ. Bàbá mi a máa sọ pé bí èèyàn bá gba ẹ̀bá tèṣọ̀n Lafẹ́nwá kọjá nígbà náà, òórùn ewé obì lá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tó ń dúró ní Láderin, àárín Èkó àti Ìbàdàn ló ń rìn, kò dé Kánò. Tírélà ni obì ń wọ̀ báyìí.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n di ẹrù tán, mo pe Àkànní jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ka ìkìlọ̀ sí i létí. Mo ní kì í ṣe bíréèkì ló ń sọ tírélà kalẹ̀ lórí òkè, jíà ni: bí o bá ti fẹ́ sọ̀, wọ jíà kékeré láti òkè, kí ẹ́ńjìnì máa dì í mú, torí bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, yóò gbóná, bó bá sì gbóná tán kò ní mú mọ́. Mo ní kó má fi òru rìn lẹ́yìn Jẹ́bà. Mo ní kó má dán ọ̀nà Birnin Gwari wò nítorí àwọn agbébọn, kó gba Bídà, kó gba Agaie àti Lapai, kó já sí Lambata, kó ti ibẹ̀ lọ sí Súlèjà àti Kàdúná. Mo ní bí ó bá rí ọkọ̀ epo tó ṣubú, kó má dúró wòran. Oríta Dikko kò jìnnà sí ọ̀nà tó ń gbà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ epo ti dànù ní oṣù Kìíní 2025, tí àwọn èèyàn ń gbọ́n ọn, tó sì jó wọn, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rin.

Gbogbo ìyẹn dáa, òótọ́ sì ni. Ìkan wá kù. Mo nawọ́ sí tapólì tí a fi bo ẹrù, tí mo fi ọwọ́ ara mi so, kókó mẹ́ta mẹ́ta, ó le bí awọ ìlù. Mo ní: "Ìyẹn, má tú u. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o tú u, olè ni. Kò gbọdọ̀ ṣí títí wàá fi rí àwọn oníbàárà Ìyá Olóbì ní Mariri, ọjà gòrò Kánò."

Mo ní ìdí mi. Wọ́n ti jí àpò ẹ̀wà mọ́kànlá lórí ọkọ̀ mi rí ní Tegina, níbi tí mo ti ń sùn, owó oṣù méjì ni mo fi san án. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí sí i.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Àkànní wí. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbéra, òun àti mọ́tòbọ́ì rẹ̀, ọmọ Ìbàràpá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, wọ́n sùn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́rú wọ́n gba Ìlọrin kọjá, wọ́n jẹun ní Bódè Sàádú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láàrin Bódè Sàádú àti Jẹ́bà, ọ̀nà dí pa. Tírélà sìmẹ́ńtì kan ló rì sínú kòtò, ó sì dábùú ọ̀nà. Òmíràn fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òun náà rì. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn kò ní béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àkànní ṣe gbogbo ohun tí dírẹ́bà dáadáa ń ṣe. Ó pa ẹ́ńjìnì, mọ́tòbọ́ì fi igi há táyà. Ó fi irin lu táyà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ po, ó fọwọ́ kan okùn tapólì, ó rí i pé kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà bí mo ṣe dì wọ́n. Ó gun orí àpáta kan láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó pè mí.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà dí o, ṣùgbọ́n kò séwu. Mi ò tíì fọwọ́ kan tapólì."

Mo ní: "Ọmọ dáadáa."

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Àwọn tó ń sọ pé kò pe ẹnikẹ́ni, ó pè. Èmi ló pè. Ọdún 23 lẹ́nu iṣẹ́, mi ò béèrè pé, "Ẹrù ńkọ́?"

Ọjọ́bọ̀ mọ́ wọn síbẹ̀. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ lápá ibẹ̀, òtútù máa ń mú lóru, ṣùgbọ́n tó bá di aago méjìlá ọ̀sán, irin ọkọ̀ á gbóná débi pé èèyàn ò ní lè fi ìgbọ̀nwọ́ lé e. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti iwájú, Haúsá ni, ó wọ fìlà, ó mú ṣágo omi lọ́wọ́. Màlúù ló ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya, ọkọ̀ tirẹ̀ náà há sí apá kejì. Ó ti kọjá ẹ̀yìn tírélà Àkànní tán kó tó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó ń fi imú fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi tí ọbẹ̀ ti ń jó.

"Ta ló ni gòrò yìí?" Yorùbá ló fi béèrè, tó já geere. Ó ti gbé Sábó tiwa níbí fún ọdún mẹ́sàn-án, gòrò náà ló sì ń tà níbẹ̀.

Àkànní ní òun lòun ń kó o.

"Tú tapólì yìí."

Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún un ní Lafẹ́nwá. Mọ́tòbọ́ì ló ròyìn rẹ̀ fún mi, Àkànní ò fẹ́ sọ ọ́: ó fa irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà jáde lábẹ́ ìjókòó, ó dúró ti ẹrù rẹ̀. Bàbá yẹn wo irin, ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ fi ọwọ́ tìrẹ sí abẹ́ ẹ̀."

Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí Àkànní tó gbé irin sílẹ̀. Ó gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ etí tapólì níbi tí ó ti fẹ̀ díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kàn án ni omi. Abẹ́ tapólì rin, ó ń kán sórí àpò bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Ó wá ojú rírán àpò, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́. Gbígbóná. Kì í ṣe ti oòrùn, torí àwọn àpò òkè ò gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Bí ẹni ki ọwọ́ sáàárín ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni. Ewé tó fà jáde ti dúdú, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí ògì tó kan ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó ń mí," ni bàbá yẹn wí láti ìsàlẹ̀. "Gòrò kì í ṣe sìmẹ́ńtì."

Ọ̀rọ̀ tán. Obì tútù, ohun tó wà láàyè ni. Ó ń mí nínú àpò, bó sì ṣe ń mí ló ń tú ooru àti omi jáde. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, atẹ́gùn á máa gbọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, á kó ooru náà lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró nínú oòrùn, tí tapólì sì le bí awọ ìlù, ibo ni ooru fẹ́ gbà? Àpò tó wà láàárín gbùngbùn á máa gbóná, bó ṣe ń gbóná ni yóò máa mí kíákíá sí i, á wá hu ẹ̀bu, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu lọ́sàn-án nínú ọyẹ́, á gbẹ, á hunjọ, oníbàárà Kánò á fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á já owó rẹ̀ sí ìdajì. Òkúta kì í ṣe báyìí. Ọdún mẹ́fà tí Àkànní fi kó òkúta, bó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró lójú ọ̀nà, òkúta á ṣì jẹ́ òkúta. Ta ló yẹ kó sọ fún un pé ẹrù yìí yàtọ̀?

Ó tún gun àpáta yẹn. Láfún ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bàbá kan ní ká tú..." Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Má tú u! Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo wí ni?" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Mo bu òkèlè méjì sí i. Kò lọ. Ohùn ọmọ yẹn kì í ṣe ti ẹni tí olè ń dà láàmú. Mo fọwọ́, mo wọ́ orúnkún mi dé ìsọ̀ Ìyá Olóbì nínú ọjà, mo ní ọkọ̀ há lọ́nà Jẹ́bà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

"Àná! Bàbá Dírẹ́bà, láti àná, ẹ ò sì wá sọ fún mi?" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ nọ́ńbà náà léraléra títí tó fi wọlé. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀.

Kò bú ọmọ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, má sunkún. Fi ọwọ́ sí àpò àárín. Ṣé o lè kà dé ogún kí o tó yọ ọ́?"

"Mo lè kà á, Ìyá, ṣùgbọ́n ó ń ta mí."

"Ó dáa. Kò tíì jinná. Dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, tú u pátápátá. Yọ àpò àárín láti orí dé ìdí ọkọ̀, kí ihò wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn máa gbà. Èyí tó bá ń gbóná jù, dà á sílẹ̀, ṣa èyí tó ti ní àmì dúdú dànù, ọ̀kan ṣoṣo á kó bá gbogbo rẹ̀. Wá ewé tútù tó fẹ̀, tẹ́ ẹ. Má bu omi lé e o! Ẹni tó bá ní kí o bu omi lé e, òun gan-an lolè."

Wọ́n ṣe é. Bàbá onímàlúù yá wọn ní ọmọ méjì, wọ́n gba alábàárù mẹ́ta lábúlé tó wà nítòsí. Àádọ́rin àpò ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ewé tíìkì ni mọ́tòbọ́ì rí já. Àpò mẹ́sàn-án ni wọ́n dà sórí ẹní, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àkànní ní òun ò mọ̀ rí pé obì lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́sàn-án ọ̀hún di márùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti to ẹrù padà, wọ́n fi tapólì bò ó, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n fi gbé etí rẹ̀ sókè níwájú àti lẹ́yìn. Bàbá onímàlúù kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní gòrò funfun márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n kà á, àpò méjì ti rìn.

Mo mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n á jí i. Mi ò ṣì lórí ìyẹn, ibi tó dùn mí jù nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀nà ṣí. Wọ́n sùn síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Àkànní fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀ wọ Jẹ́bà, mọ́tòbọ́ì ní bó ṣe ń sọ̀ ọ́ rọra bíi pé ẹyin ló kó. Wọ́n gba orí Ọya kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rí odò yẹn, ó ní ó fẹ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Láti Mokwa lọ, Yorùbá tán lẹ́nu àwọn tó ń ta oúnjẹ, Núpé ni. Ọmọ Ẹ̀gbá tí kò rí láfún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, túwó ló kù fún un, ó ń nawọ́ sí ìkòkò, ó ń fi ìka ka owó. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò yó òun. Ọ̀nà Bídà sí Lambata fọ́ táyà kan mọ́ wọn lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Súlèjà, Kàdúná, Sàríà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti dúró, á ká tapólì sókè. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á fà á bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ọjọ́ kẹjọ tó kúrò nílé, ni àpò 244 wọ ọjà gòrò ní Mariri. Ọjà yẹn ò ṣeé bá ṣeré. Oníbàárà a ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò, kì í ṣe òkè, a fa obì kan yọ, a là á, a gbóòórùn ẹ̀, a jẹ díẹ̀, a tutọ́. Wọ́n já owó lórí àpò mẹ́wàá. Èyí tó kù, wọ́n san án pé.

Ìjà owó wá bẹ̀rẹ̀ ní Lafẹ́nwá. Àpò mẹ́fà ni kò dé: mẹ́rin tó bàjẹ́, méjì tí wọ́n jí. Ọlọ́kọ̀ ní Àkànní ni yóò san án, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ó ní òfin ọkọ̀ òun nìyẹn, dírẹ́bà ló ni ẹrù lójú ọ̀nà. Mo ní dírẹ́bà wo? Èyí tó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́? Bó bá jẹ́ pé ó ṣàìgbọràn lọ́jọ́rú ni, mẹ́rin yẹn ì bá má bàjẹ́. A fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń gba wá níyànjú bí ẹni gba tọkọtaya. Ìyá Olóbì ló pa á tì: ó ní mẹ́rin tó bàjẹ́, tòun ni, obì a máa bàjẹ́, òun ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ti méjì tí wọ́n jí, mo san ọ̀kan, ọlọ́kọ̀ san ọ̀kan. Àkànní ò san nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti fún un lówó oúnjẹ ọjọ́ tó fi há sọ́nà. Mo pè é ní ahun lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Lóṣù Kìíní, Ìyá Olóbì ní ẹrù mìíràn. Dírẹ́bà mẹ́ta ló wà nílẹ̀, méjì nínú wọn ti ń lọ Kánò kí Àkànní tó mọ jíà. Ó ní ọmọ tó tú tapólì ni òun fẹ́. Àkànní fúnra rẹ̀ ló so okùn lọ́tẹ̀ yìí, ó fi igi sí etí iwájú àti ẹ̀yìn, ó ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó pè mí láti Jẹ́bà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní ọ̀nà dá, ẹrù tutù, mọ́tòbọ́ì ló sì ń sùn lórí ẹ̀.